Kíka Ọ̀kan Dé Ogún

Ìbọn mẹ́rin ló wà lára ògiri mi ní Ìsẹ̀,
mẹ́ta kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.
Ṣakabùlà bàbá mi, tí ìdí rẹ̀ là, tí mo fi awọ ẹtu dì,
ta ni yóò rà á? Òun nìkan ló kù tó ń rántí pé ọmọ ni mí.
Ìkejì ni wọ́n ń yá lọ síbi ìsìnkú ọdẹ;
ariwo ni iṣẹ́ rẹ̀, kò pa ẹran láti ọdún mẹ́sàn-án.
Ìkẹta, ti Fálaṣinnu ni. Ó fi pamọ́ sọ́dọ̀ mi
kó tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Adó. Kò padà wá gbà á.
Ẹrù òkú kì í ṣe ọjà.

Ó wá ku ẹlẹ́nu-méjì.
Ọdún tí kòkó gbówó lórí ni mo rà á.
Àpò mẹ́tàdínlógún ló bá mi lọ,
ìbọn kan àti ìwé àṣẹ kan ló bá mi bọ̀.
Ìbídùnní kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo gbé ìgalà wọlé láti ẹ̀yìn Ògbèsè.
Ó ní, "Ó dáa. Ẹ sọ̀ ọ́ síbẹ̀."

Olúṣeyè pè láti Adó:
"Bàbá, ẹ tà á nísinsìnyí tó ṣì ń dán.
Ohun tí ìpẹtà bá ti fẹnu kàn, owó rẹ̀ ti fò lọ."
Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dán kò ṣe é tà,
èyí tó bá sì pẹtà, ojú á tì mí láti gbé e síta.
Ìgbà wo wá ni?

Ọmọkùnrin méjì gun ọ̀kadà wá lálẹ́,
wọn ò pa iná rẹ̀, wọn ò jókòó.
Wọn ò bèèrè ẹran tó ti pa,
wọn ò bèèrè bó ṣe ń ta sí èjìká.
"Ṣé ó yá lọ́wọ́ láti ki?"
Owó tí wọ́n dá lé e tó pààrọ̀ gbogbo páànù ilé yìí.
Mo ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ wọn hàn mí.
Èyí àgbà rẹ́rìn-ín.
Mo ní ìbọn náà ti bàjẹ́.
Irọ́ alẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò ní tọrọ àforíjì rẹ̀.

Lẹ́yìn wọn ni Alàgbà Ọ̀jọ̀mọ̀ dé láti Ẹmùrẹ́.
Ó ní ìwé, ó ní sùúrù,
ó gbóòórùn ẹnu ìbọn bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀.
"Ẹ̀yin lẹ máa sọ ìgbà," ló wí. "Owó wà nílẹ̀."
Ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni mo lè tà fún,
ohun tó jẹ́ kó nira nìyẹn.

Òṣùwọ̀n tèmi rèé.
Àárọ̀ tí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ dé, mo máa ń gbé e sí èjìká
lẹ́yìnkùlé, láìsí ọta nínú rẹ̀,
mo dojú rẹ̀ kọ igi ọsàn, mo ń kà.
Bí ẹnu rẹ̀ bá ti gbọ̀n, mo dúró.
Ogún ni mo ń kà fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n.
Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́tàdínlógún.
Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́rìnlá.
Mo sọ fún Ìbídùnní: ọdún tí mi ò bá ka mẹ́wàá,
kó ránṣẹ́ sí Ẹmùrẹ́.

Ọyẹ́ dé lánàá.
Igi ọsàn dúró, èmi ni mò ń mì.
Mẹ́fà. Méje.
Ní mẹ́jọ, ẹnu ìbọn ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀
bí orí ẹni tó ń tòògbé nínú ìsìn.
Ìbídùnní dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, abọ́ ẹ̀wà lọ́wọ́.
Mo ní, "Mélòó lo gbọ́?"
Ó wo ìbọn. Ó wo apá mi.
"Mọ́kànlá," ló wí, ó sì wọlé.

Mọ́kànlá.
Obìnrin tí kò ṣi owó kà rí láyé.

Mo fi òróró nù ún, mo gbé e kọ́.
Fóònù wà lórí tábìlì.
Mo fi fìlà bò ó.