Ikùn Kẹ́ẹ̀gì, Ọrùn Kẹ́ẹ̀gì

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi wa ọkọ̀ láti Ìjèdè sí Èbúté Ẹ̀rọ̀.
Bẹntiróòlù nìkan ni ìṣirò tí mo mọ̀:
kẹ́ẹ̀gì kan àlọ, kẹ́ẹ̀gì kan àbọ̀,
ààbọ̀ kẹ́ẹ̀gì fún afẹ́fẹ́ tí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Lónìí Múníràtù, ọmọ ọmọ mi, jókòó sórí àpótí ẹja,
ó ń ṣírò sẹ́yìn páálí bisikíìtì.
Ọkọ̀ rẹ̀ kò gùn ju apá mi lọ.
Igi ọ̀mọ̀ la jọ fi gbẹ́ ẹ; ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò ju ẹyin adìyẹ,
rìmóòtù ni yóò fi máa darí rẹ̀ láti orí pákó èbúté.
Sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló yọ nínú kọ̀ǹpútà tó ti kú:
mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn, ìlà méjì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn.

Ó kọ 4.4, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó kọ 22.
"Bàbá, ohun tó wà nínú bátìrì nìyí.
Ohun tí ẹ̀rọ ń mu nìyí.
Ìdá márùn-ún wákàtí kan. Ìṣẹ́jú méjìlá.
Ṣùgbọ́n a kì í fá a gbẹ, kó má baà kú;
ká pè é ní mẹ́sàn-án ààbọ̀."
Mo ní, "Ààbọ̀ kẹ́ẹ̀gì mi nìyẹn!"
Kò dá mi lóhùn. Ó ń lẹ páálí mọ́ ara ògiri.

Ìṣẹ́jú kẹrin, ọkọ̀ dúró
níbi igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀.
Èmi arúgbó ni mo fi àjẹ̀ lọ gbé e.
Bátìrì gbóná bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná,
ojúoró, tó ní òun ni ọba orí omi,
ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀ bíi gèlè,
abẹ̀bẹ̀ tí a dì mú kì í sì í sinmi:
ṣe ló ń mu iná bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu.

"Ìṣirò mi kò ṣẹ̀," ojú rẹ̀ pọ́n.
Kò ṣẹ̀ lóòótọ́.
Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi, mo dorí rẹ̀ kodò:
gbùlù, ó dúró; gbùlù, ó dúró.
Omi kún ikùn rẹ̀, ọrùn ni kò gbà.
Ó wò ó títí. Ó mú páálí.
Áńpíà mọ́kànlá lẹ̀rọ ń bèèrè lọ́wọ́ ìlà kan,
ìlà kan kò lágbára ju márùn-ún lọ:
sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ́ láti máa fi ṣíbí bù,
a ní kó máa fi garawa dà.

Ìlà mẹ́rin, nígbà náà? Sẹ́ẹ̀lì méjìlá?
A dán an wò nínú ọpọ́n ìfọṣọ. Ọkọ̀ rì sí i ní ìka méjì.
Mo rántí ọjọ́ tí mo kó èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n
sínú ọkọ̀ èèyàn méjìlélógún, torí owó iléèwé bàbá rẹ̀.
Epo tán kí a tó rí ìmọ́lẹ̀ Èkó.
Ẹrù náà ní ẹnu. N kò sọ ìyókù fún un.

Lókèèrè, èéfín Ẹ̀gbin ń gòkè;
iná tí wọ́n ń dá níbẹ̀ ń gba orí wa kọjá,
àwa ń fi jẹnẹrétọ̀ Ìyá Sàlíwà ṣáájì bátìrì.

"Wọ́n ń ta irú èyí tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀, Bàbá.
Tuntun ni."
"Èló?"
Ó sọ ọ́. Mo kọ́.
Ó wo ojú mi, ó wo àpò mi,
ó ń ṣírò: mélòó ló wà níkùn rẹ̀,
mélòó ni ọrùn rẹ̀ lè tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.