Ihò Méje

Okun la fi ń kí ara wa níhìn-ín,
okùn la fi ń rán bàtà.
Mo jókòó ní Kábà, létí ọ̀nà tó lọ sí Lọ́kọ́ja,
abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ìda lórí itan,
ojú mi kì í kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ènìyàn.

Ẹsẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ wọ́n:
ẹsẹ̀ àgbẹ̀ kọfí láti Ìyámọ̀yẹ́, tó là bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀,
ẹsẹ̀ tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó ṣì ń rìn bíi pé agogo ń lù,
àti ẹsẹ̀ tó ń wú ní ìrọ̀lẹ́,
tí okùn bàtà fi ilà sí lára bí okùn ìdìgi.
Tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ irú wọn,
kòtò á wà níbẹ̀, á pẹ́ kó tó dí.
Mi ò kàwé ìṣègùn. Mo kàn máa ń béèrè ni pé,
"Ẹ̀ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àbí?"
Wọn á wò mí bí ẹni wo aríran.

Ìyá mi, Dọ́káàsì, ló kọ́ mi.
Oògùn tirẹ̀ ń jẹ́ nífẹ̀ẹ́dípíìnì;
kò lè pè é tán, ó gé e sí Nífẹ̀ẹ́.
"Ẹ bá mi gbé Nífẹ̀ẹ́ wá."
Lóṣù àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ ń gbóná, orí ń fọ́ ọ,
bó bá dìde kíá, ilé á bá a yí.
Ìyẹn lọ. Ẹsẹ̀ wá dé.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rán sálúbàtà fún un lọ́dún kan,
ẹ̀kẹta fẹ̀ bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n.
"Nífẹ̀ẹ́ yìí," ló wí, "ó fẹ́ ọkàn mi, ó kórìíra ẹsẹ̀ mi."

Nígbà Kérésì, ẹsẹ̀ náà fọn.
Bàtà dúdú tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi,
tó ti sùn nínú páálí láti ọjọ́ náà,
wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Mo pàtẹ́wọ́.
Èmi, ọ̀gá tó mọ ẹsẹ̀!
Mi ò béèrè nǹkan kan.

Ọjọ́ kẹta ọdún tuntun, ó ní ojú òun ń ṣú.
Nọ́ọ̀sì Motúnráyọ̀ so rọ́bà mọ́ ọn lápá,
ó wò ó, ó tún un wò:
igba ó dín márùn-ún lórí àádọ́fà.
Abẹ́ ìrọ̀rí la ti bá Nífẹ̀ẹ́, páálí méjì, a ò tíì já a.
Nítorí bàtà.
Bàtà tí èmi fúnra mi rán.

Nọ́ọ̀sì kò bá a wí. Èmi ló kọjú sí:
"Oníbàtà, bí o bá fa okùn le jù, kí ló ń ṣẹlẹ̀?"
Mo ní, ẹsẹ̀ á kú.
Ó ní kalísíọ́mù ló ń wọ inú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀,
òun ló ń fa okùn náà le.
Oògùn yìí dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọlé,
okùn á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ráyè kọjá.
Ibi tó dẹ̀ náà ni omi ń gbà jò lọ sẹ́sẹ̀.
Òun kan náà ni wọ́n fún Bọ̀sẹ̀dé àbúrò mi
nígbà tí oyún fẹ́ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀;
òun ni wọ́n ń fún ẹni tí àyà ń fún bó bá ń gun òkè.
Kí ìyá má fi í sílẹ̀ láìsọ.
Kó má rún un lẹ́nu, odindi ni kó gbé e mì.
Kó máa fọ eyín dáadáa, èrìgì náà ń wú nígbà mìíràn.

Dókítà dín in kù, ó fi òmíràn tì í lẹ́yìn.
Ẹsẹ̀ fà díẹ̀.

Mo tú bàtà dúdú náà,
mo fi ìdè sí i, mo lu ihò méje.
Láàárọ̀, ihò kẹta; lálẹ́, ìkẹfà.
Ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí iṣẹ́ mi,
ó bu omi, ó ní, "Okun o, Nífẹ̀ẹ́,"
ó gbé e mì.
Mo ka ihò. Ìkẹrin.
Mo ní, "Ìyá, ẹ la ẹnu."