Ìṣísẹ̀ Mẹ́tàdínlógún

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí mo bá ti kúrò ní ilé àwọn arúgbó
tí mo fi gbogbo òru tọ́jú,
n kì í lọ sùn. Bàtà òjò ni mo máa ń wọ̀,
mo máa ń gba ẹ̀yìn Ludlow lọ sínú igbó Gethin Probert,
níbi tí àgbọ̀nrín dúró sí láìmí.
Fóòmù ni. Ọ̀dà dúdú ni ojú rẹ̀,
ìhà rẹ̀ ti di ajere.

Òfin ilẹ̀ yìí ò gbà kí a ta ẹran ẹlẹ́mìí lọ́fà.
Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọrun ni mo wá fà,
n ò wá ẹran ọbẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ṣe bí ọmọ ọdẹ Ìgbòho.
Mo kẹ́yìn sí àgbọ̀nrín, mo ka ogójì ìṣísẹ̀,
mo yíjú padà, mo fa ọsán dé etí.
Ọfà kan wọ inú ewéko, ọ̀kan gún ìdí igi,
ẹ̀kẹta, títí dòní, a ò tíì rí i.
Gethin ò rẹ́rìn-ín. Ó bu tíì nínú fúláásì,
ó ní, "Ta ló ń lé ọ?"

Ó gé páálí róbótó bí àwo ọbẹ̀,
ó fi ìṣó kàn án mọ́ ìhà ẹran,
ó ní kí n dúró síbi tí ojú ò ti ní tì mí.
Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ. Ọfà mẹ́fà, gbogbo wọn wọlé.
Mo sún sẹ́yìn. Mo tún sún sẹ́yìn.
Ní mẹ́tàdínlógún, mẹ́fà ṣì wọlé,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan jẹ etí páálí.
Ní méjìdínlógún, méjì bọ́ síta.
Ìṣísẹ̀ kan péré! Ilẹ̀ kan náà, ọrun kan náà,
àmọ́ ọwọ́ ti mọ̀ pé ojú ń parọ́.

"Ààlà rẹ nìyẹn," ó wí.
"Tí o bá wọ kóòtù tó nípọn, dín in kù.
Tí o ò bá sùn, dín in kù."
Mo wò ó. Oorun tí mo sùn kẹ́yìn, ọjọ́ Ẹtì ni.
Mo dín in kù.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Bàbá Ọdẹ́níyì.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo gbé àpò tẹ̀ lé e.
Ìgalà yọ lẹ́yìn ọ̀gán,
ó yí ẹ̀gbẹ́ sí wa, ó ń jẹ ewé.
Ọfà ti wà lórí ọsán. Bàbá wò ó, wò ó,
ó sì rọra dẹ ọrun.
Ìgalà bá tirẹ̀ lọ.
Lálẹ́, ilá lásán la fi jẹ iyán,
mo sì sọ fún ìyá mi pé ẹ̀rù ló ba Bàbá.
Ó gbọ́. Kò bínú. Ó ní,
"Ẹran tí ọfà bá pa láàbọ̀,
yóò máa kú lọ nínú igbó,
ìwọ náà yóò máa kú lọ lórí ẹní."

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń wá.
Èjìká Gethin ti bàjẹ́, dókítà ti fi ọ̀bẹ kàn án.
Kò sọ ọ́. Mo kàn rí i ní Àìkú tó kọjá,
ó fa èèkàn rẹ̀ tu ní ìṣísẹ̀ ogún,
ó ń rìn bọ̀, ó ń kà á lábẹ́ ètè,
ó sì gbá a mọ́lẹ̀ ní mẹ́sàn-án.
Àwọn ọ̀dọ́ tó wá láti Birmingham
ń ta tiwọn láti ogójì,
ọfà wọn ń han láàárín igi bí ẹyẹ tó ṣìnà.
Gethin fa ọrun. Ọsán ò dé etí mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló mọ.
Páálí dún: pó.

Wọ́n ní bí ọsán bá já, ọrun a di ọ̀pá.
Ọsán tirẹ̀ ò já.
Ó kàn dẹ̀ díẹ̀ ni, ó sì mọ̀.

Mo lọ bá a yọ ọfà.
Mo fi ọwọ́ ti ìbàdí ẹran, mo fà á, fóòmù ké fíín,
èérún rẹ̀ lẹ̀ mọ́ wa léèékánná.
"Mélòó ni tìrẹ lónìí?"
Òjò ti ń ṣú lókè Clee. Òru mẹ́ta ni mo ti fi ṣiṣẹ́.
Mo ní, "Mẹ́tàlá."
Ó na èèkàn mi sí mi.