Irin Lanu

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni irin lanu mọ́ mi lọ́wọ́
nínú yàrá ẹ̀rọ wa ní Ifẹ̀.
Ìtànṣán léésà ń yọ́ ìyẹ̀fun irin
ní ìpele-ìpele, bí ẹni ń mọ ògiri;
bó ti tutù lójijì, ó ké: kẹ́!
Ìlà kan,
tín-ín-rín ju irun ìkókó lọ.

Mo pe Bàámi, ajórin Ìléṣà.
Ó rẹ́rìn-ín:
"Ẹ̀yin ò kọ́kọ́ fi ooru kí i
kí iná tó bà á."

Ògiri lanu, aláǹgbá ló wọ̀ ọ́;
irin ọkọ̀ lanu,
èèyàn ló wà nínú rẹ̀.

Mo mú pèpéle gbóná tẹ́lẹ̀,
mo dín ìkánjú iná kù.
Lówùúrọ̀, Adéróunmú gbé e sábẹ́ awò.
Kò fọhùn.
Ó yí i padà,
ó tún wò ó.