Ẹ̀yìnkùlé Tíṣà Ṣóbọ̀wálé

Tí oòrùn Sátidé bá ti ń rọlẹ̀ ní Adátán,
a ó tẹ́ páànù àtijọ́ sílẹ̀,
a ó to iṣẹ́ ọwọ́ wa sí i.
Kò sẹ́ni tó ń tà. Kò sẹ́ni tó ń rà.

Tíṣà fi jáàkì mọ́tò tó ti kú
ṣe fáìsì sórí tábìlì;
ó ń yí i, ó ń tú u, bí ọmọ tó rí ohun ìṣeré.
Nọ́ọ̀sì Mojoyin mú ọ̀bẹ wá,
irin sípíríìn tó rà ní kílò-kílò ní Láfẹ́nwá.
"Ẹ má fọwọ́ kàn án o!"
Ó fi gé bébà wínníwínní.
Ọláòṣebìkan télọ̀ jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀:
ibi tó jó irin pọ̀ wú bí ètè ẹni tí oyin ta.
Òwú ń gbọ́ tirẹ̀; iná kọ̀.
A rẹ́rìn-ín títí ewúrẹ́ fi fò sẹ́yìn ògiri.

Èmi ńkọ́? Ìdè ilẹ̀kùn ni mo rọ.
Ọdún mọ́kànlá ni ilẹ̀kùn wa fi ké bí ológbò.
Mo pààrọ̀ ìdè, mo ta epo sí i,
ó pa rọ́rọ́.
Inú ìyá mi kò dùn.
"Igbe yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé o ti wọlé,
kí n tó lè sùn."
Ni mo bá gé ìdí páìpù kan,
mo so ó kọ́ ẹnu ọ̀nà:
góń.

Tíṣà gba àjẹkù páìpù náà lọ́wọ́ mi,
ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ́tí.
Ó ní kí n bá òun gé irú ẹ̀.
Ilé tó dá ń gbé nìyẹn;
a kò bi í ta ni yóò gbọ́ ọ.