Ínṣì Méjì

Àga ni mo ń rán ní Òkè-Fìà,
fóòmù, rẹ́síìnì, ìṣó olórí wẹ́wẹ́.
N kò mọ họ́kì. Ọjọ́ tí Tísà Àkànmú
mú ọmọbìnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi,
mo ṣebí àga ọ́fíìsì ló fẹ́ tún ṣe.

"Ẹ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀," ni tísà wí, "aṣọ́lé wa ni.
Bọ́ọ̀lù tiwa kì í ṣe aláfẹ́fẹ́:
ọmọ ọlọ ni wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn."
Ọ̀ṣuntóyìn fa ìbọ̀sẹ̀ wálẹ̀.
Ojúgun rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ àga tí a kò tíì kùn.

Ínṣì méjìlá ni ìwé òfin wí, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀.
Mo gé mẹ́rìnlá.
Kò sẹ́ni tó bi mí.

Ọjọ́ Sátidé, àwọn ọmọ Iléṣà gbá a títí,
ó ń ta padà: pàù! pàù!
Ni olùkọ́ wọn bá fò dìde:
"Ṣé ọmọ lẹ kó wá ni àbí mátírẹ́ẹ̀sì?
Ilẹ̀kùn lẹ gbé síbẹ̀, ẹ ní aṣọ́lé ni!
Bí gbogbo ojú ilé bá ti dí, kí la wá wò?"
Tísà wa ní, "Ẹni tí kò dúró síwájú ọta rí
ni í sọ pé asà ti fẹ̀ jù."
Ìyá ọmọ náà kò sọ nǹkan kan lórí bẹ́ǹṣì.
Ẹsẹ̀ ló ń wò.

Láṣebíkan, rẹfirí, ní kí wọ́n mú téèpù wá.
Téèpù ọrùn mi ni.
Mẹ́rìnlá.
Wọ́n ní kí ẹni tó rán an gé e.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti tutù:
ínṣì kan wà fún egungun ọmọ náà,
ínṣì kan wà fún ife.
Abẹ́rẹ́ kan náà ni mo fi rán méjèèjì.
Nígbà tí mo mú ọ̀bẹ,
n kò mọ èwo ni mò ń gé.

Wọ́n gbá góólù kan wọlé wa lẹ́yìn ìyẹn.
Bóyá ti fóòmù ni, bóyá oòrùn ló wọ̀ ọ́ lójú.

Nírọ̀lẹ́, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó tún fa ìbọ̀sẹ̀ wálẹ̀.
Ìlú aró nìlú wa; mo ti rí aró lóríṣiríṣi lára aṣọ,
ṣùgbọ́n èyí tó ń dú bọ̀ lábẹ́ awọ ọmọ yìí,
n kò mọ ìkòkò tó ti jáde.
Ó sì ń rẹ́rìn-ín.
"Ẹ wo ibí yìí," ló wí, "níbi tí ẹ ti gé e.
Èyí, èmi ni mo mú un. Kì í ṣe fóòmù."

Mo fi ọ̀kan nínú àjákù náà ṣe ibi ìgúnbẹ́rẹ́.
Èkejì ṣì wà lórí àjà.
N kò tíì rí àga tó kéré tó o.