Mọ́kàndínlógójì

Rédíò ń ka èsì bí ẹni ń ka gbèsè.
Ìlú ńlá ló kọ́kọ́ kà, níbi tí odò ti ń gba abẹ́ afárá mẹ́fà kọjá:
aláwọ̀ pupa já wálẹ̀, aláwọ̀ búlúù gòkè,
ẹnìkan ń sunkún ayọ̀ sínú makirofóònù,
ẹnìkan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.
Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí àfonífojì.
Valmuriel: olórí ìlú àná náà ni olórí ìlú òní.
Torrealcaya: obìnrin ni, òun sì ni àkọ́kọ́.
Los Enebrales: kò sẹ́ni tó dupò,
ajá kan ló sùn sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú.
Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.
Wọn kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wa.

Peñasorda ni wá. Ènìyàn mọ́kàndínlógójì ló lórúkọ nínú ìwé.
Ilé ẹ̀kọ́ la ti dìbò, ilé ẹ̀kọ́ tí kò lọ́mọ mọ́
láti ọdún tí Jacinta kékeré ti bá ìyá rẹ̀ lọ sétí òkun.
Àwòrán ayé ṣì wà lára ògiri,
orílẹ̀-èdè méjì wà níbẹ̀ tí kò sí láyé mọ́.
Èmi ni mo jókòó ti àpótí, èmi àti Crescencio darandaran.
Visitación fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ ti fọ́,
ṣùgbọ́n ó mọ ìró ẹsẹ̀ gbogbo ìlú.
“Leandro nìyẹn,” á wí, kí ilẹ̀kùn tó ṣí,
“bàtà òsì rẹ̀ ti lu.”

Ní ọ̀sán, ẹnìkan ṣoṣo ló kù.
Herminio ni, ó ń wakọ̀ bọ̀ láti Barcelona,
wákàtí márùn-ún nítorí ìwé pélébé kan.
Ó dé nígbà tí agogo mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
ó dìbò, ó tọ̀ sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́,
ó bojú wo òkè.

Òkè yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.
Bonifacio fẹ́ fi í háyà fún àwọn ẹlẹ́rọ afẹ́fẹ́,
kí apá irin mẹ́ta máa yí lókè sàréè àwọn bàbá wa.
Obdulia ní ó di ìgbà tí òun bá kú.
Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ògiri kan náà ló pín ilé wọn.

Mo ń ṣí àpò ìwé, Crescencio ń fa igi.
Bonifacio. Obdulia. Obdulia. Bonifacio.
Ó wá ku ọ̀kan. Ó wúwo.
Kò síwèé nínú rẹ̀: ègé sọ́séèjì gbígbẹ ni,
pupa, ó tín-ín-rín bí ewé.
Ní èdè tiwa, orúkọ sọ́séèjì yẹn la fi ń pe olè.
Crescencio rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Òfin ní ká so ìbò tó bàjẹ́ mọ́ àkọsílẹ̀;
àpò olóròóró la so mọ́ ọn.
Ajá Crescencio ti jẹ ìyókù.

Visitación fa imú.
“Igi óákù ni wọ́n fi yan án,” ó wí,
ó sì kọjú sí mi, ojú tí kò ríran.
N kò fèsì.

Mọ́kàndínlógún. Mọ́kàndínlógún.
Lọ́jọ́rú, ní Valmuriel, akọ̀wé kan
yóò ju owó ẹyọ sókè, yóò sì fún òkè wa lólúwa.

Agogo mọ́kànlá kọjá kí rédíò tó pè wá.
Ó ṣi orúkọ wa pè. Ó ní a ta ọ̀mì.
Ó bọ́ sórí ojú ọjọ́: òjò kò ní rọ̀.

Bàbá mi wà ní ìdí tábìlì, ọ̀bẹ lọ́wọ́,
sọ́séèjì níwájú rẹ̀, ó ti gé orí rẹ̀.
“Ta ló wọlé?”
“Kò sẹ́ni.”
“Ó dáa,” ó wí, ó gé ègé kan, ó nà án sí mi.
Ó tín-ín-rín bí ewé.
Mo jẹ ẹ́.